Ọ̀nì Tó Dìde Dúró

Inú ihò ojú ẹranko kan tó ti kú láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni obìnrin náà ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì, orí rẹ̀ wà nínú agbárí ńlá náà, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá iyanrìn kúrò ní àjà ẹnu rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá eegun ṣí. Oòrùn àárọ̀ bá ẹni tó ṣí i wọlé. Láti inú ihò ojú yẹn, bàtà ló kọ́kọ́ rí, bàtà tí iná ti jó lójú méje mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ó rí ọwọ́ kan tó di irin tẹ́ẹ́rẹ́ mú. Lẹ́yìn náà ni ojú kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú oníwà pẹ̀lẹ́, ó ń wo òun.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ọkùnrin náà wí, "ṣé ẹranko yìí ti gbé yín mì tán ni, àbí ó ku díẹ̀?"

"Ó ku ẹsẹ̀," ni ó dá a lóhùn. "Ẹ má sún mọ́ ọn o, kò tíì yó."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ má bi mí bí ẹ̀rín lásán ṣe ń mú ọkàn obìnrin, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí obìnrin náà ṣe ń yára jáde, ó fi iwájú orí gbá eyín ẹranko náà, eruku kún irun rẹ̀ fọ́fọ́, kò sì rántí pé ó yẹ kí òun gbọ̀n ọ́n nù.

Wẹ́dà ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí, láti ẹnu géètì dé yàrá eegun. Àwọn aláṣẹ mùsíọ̀mù ló pè é kó wá ṣe irin tí wọn yóò to eegun ẹranko náà lé lórí. Obìnrin náà, Ọmọ Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é, torí pé bàbá rẹ̀ ló ṣe ọ̀gá yàrá eegun kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá yìí ló wa ẹranko náà jáde nínú àpáta nígbà èwe rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi yọ ọ́ lára òkúta, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òun náà ló yà á sínú àwòrán ńlá tó wà lára ògiri: ẹranko kan tó fi àyà wọ́ létí odò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yà sí ẹ̀gbẹ́ bí ti aláǹgbá.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn tuntun tí ẹranko náà yóò dúró sí. Orúkọ Bàbá ni wọ́n fẹ́ kọ sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá arúgbó náà ń fi ìka ka ọjọ́. A máa wí fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Bí mo bá ti rí i lórí irin, ó tán. Mi ò tún bẹ ayé ní nǹkan kan mọ́." Ọmọ rẹ̀ sì ti búra nínú ara rẹ̀ pé kò sí ohun tí yóò ba ọjọ́ yẹn jẹ́.

"Ọ̀nì ni?" Wẹ́dà bèèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó ń yí agbárí náà po.

"Ìbátan ọ̀nì ni. Ẹ wò ó, orí ọ̀nì tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú rẹ̀ wà lókè, kó lè lúgọ sínú omi. Orí eléyìí ga, ó sì tín-ín-rín, ẹ̀gbẹ́ ni ojú wà. Ẹ fọwọ́ kan eyín rẹ̀."

Wẹ́dà fọwọ́ kàn án, ó sì yára fà á padà. "Yéè! Ayùn nìyí!"

"Ayùn ni. Eyín ọ̀nì dà bí ìṣó, ó fi ń di ẹran mú. Eléyìí, gígé ló fi ń gé e."

"Ta wá ni bàbá ẹnì kejì nínú àwọn méjèèjì?"

"Kò sí. Ìdí kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Orí ilẹ̀ ni àwọn baba ńlá gbogbo wọn ń gbé. Àwọn kan gba odò lọ, odò sì gbà wọ́n, àwọn ọmọ wọn là ń rí lónìí. Àwọn kan ò lọ. Wọ́n di ọdẹ orí ilẹ̀, kò sí ẹran tí kì í sá fún wọn. Nígbà tó yá, ayé yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì run."

Wẹ́dà mi orí. "Ẹni tó bá ṣẹ́kù nílé la máa ń rò pé òun ló kọ́lé." Ó wo àwòrán ara ògiri. "Bó bá jẹ́ ọdẹ orí ilẹ̀, kí ló dé tó ń fi àyà wọ́ létí omi?"

"Bàbá mi ní bó ṣe ń rìn nìyẹn."

"Bàbá yín ní. Ẹ̀yin náà ní ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó ti bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó padà sídìí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ní àràárọ̀, Wẹ́dà á kó tẹ́ẹ̀pù àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ dé, á wọn eegun ẹ̀yìn, á wọn ìhà, á gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ lẹ́yìnkùlé, á tẹ irin, á tún padà wá. Ìgbà mìíràn wà tó máa ń wọn eegun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ Ọ̀gá rí i, kò sọ̀rọ̀. Òun náà a máa sọ ìtàn tó ti sọ lánàá, Wẹ́dà á sì la ẹnu bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀, ohun tó ń ṣe wọ́n kò gbóògùn.

Lọ́sàn-án, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá gba fèrèsé òkè wọlé tí eruku eegun sì ń léfòó nínú rẹ̀ wẹ́wẹ́, Ọmọ Ọ̀gá a máa fi ọwọ́ lẹ́rán, ojú rẹ̀ a sì kúrò ní yàrá náà. Á rí igbó kan tí ìkùukùu bò. Á rí ẹranko náà tó ń bọ̀ láàárín igi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìrù rẹ̀ ń fì. Ohun tó sì yà á lẹ́nu ni pé nínú àlá ojúmọmọ yìí, ẹranko náà kì í wọ́. Ó máa ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán ni, á máa rìn bí ajá tó mọ ibi tó ń lọ. Bí ojú rẹ̀ bá ti walẹ̀, á bá ara rẹ̀ wí: Rárá o, wíwọ́ ló ń wọ́. Bàbá mi ti wí i.

Lọ́jọ́ kan, Wẹ́dà mú nǹkan kékeré kan wá nínú àkísà. Irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń họ òkúta kúrò lára eegun ni, ṣùgbọ́n ó ti tẹ èkù rẹ̀ kó lè bá ìka obìnrin náà mu.

"Mo rí i pé àtàǹpàkò yín máa ń dùn yín. Bí iṣẹ́ bá ti pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ máa ń nà án báyìí."

Ọmọ Ọ̀gá dì í mú. Ó wọ ọwọ́ rẹ̀ rẹ́gí. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń họ òkúta, ìyá tó bí i pàápàá kò ṣàkíyèsí àtàǹpàkò rẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì yíjú sí ògiri.

"Ẹ má pè mí ní 'ẹ̀yin' mọ́," ni ó wí.

"Kí ni kí n wá máa pè yín?"

"'Ìwọ' tó mi."

"Ìwọ," Wẹ́dà pè é jẹ́jẹ́. "Ó dùn ún pè. Ìwọ. Ṣé kí n tún un pè?"

"Lọ wọn ìhà, jàre!"

Ó lọ wọn ìhà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti inú àyà ẹranko náà, láàárín ìhà kan sí èkejì, ó ní, "Mo fẹ́ràn ẹ o."

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ ni, àbí ẹranko?"

"Mo ti sọ fún ẹranko láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí n wá sọ fún ẹ fúnra mi."

Inú Ọmọ Ọ̀gá dùn débi pé kò mọ ibi tó gbé búrọ́ọ̀ṣì sí mọ́. Ìhà yẹn ni wọ́n ti na ọwọ́ síra wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi àdéhùn sí pé lọ́jọ́ Àìkú, Wẹ́dà yóò wá kí Bàbá àti Ìyá.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àìkú yẹn ni iṣẹ́ kan ìbàdí. Wẹ́dà tẹ irin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bó ṣe wà nínú àwòrán Bàbá. Eegun itan kò wọ ihò ìbàdí. Ó tún irin náà tẹ̀. Kò wọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó sì fìdí kalẹ̀.

"Ìwọ, wá wò ó. Ó ń ṣe bí ọmọdé tó fi bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì."

Ọmọ Ọ̀gá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó gbé eegun itan náà, ó yí i sókè yí i sódò, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu rẹ̀. Kókó kékeré kan wà lára eegun itan irú ẹran yìí, ibẹ̀ ni iṣan ìrù máa ń so mọ́. Inú, lápá ìrù, ló yẹ kó kọjú sí. Ìta ni èyí kọjú sí. Ó gbé èkejì, ìta náà ni. Lára èyí tí í ṣe ti òsì, Bàbá ti fi yíǹkì dúdú kọ "ọ̀tún", ó sì kọ "òsì" sára ti ọ̀tún, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé dáadáa rẹ̀ yẹn.

Ó pààrọ̀ wọn. Eegun méjèèjì wọ inú ihò wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Etí ihò ìbàdí náà sì bo orí wọn bí òrùlé, bó ṣe máa ń rí lára ẹran tí ìwúwo rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ tó nà gbọọrọ. Ẹranko náà kò fi àyà wọ́ rí láyé rẹ̀.

"Ó dára bẹ́ẹ̀ yẹn!" Wẹ́dà wí, inú rẹ̀ ń dùn. Ìgbà tó wo ojú olólùfẹ́ rẹ̀ ló tó dákẹ́.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni," ni obìnrin náà wí. "Tẹ irin yẹn bó ṣe wà nínú àwòrán."

"Mo lè tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n tipátipá ni irin á fi di eegun mú, kò ní pẹ́ tí á fi sán."

"Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Wẹ́dà. Ìwé mẹ́rin ni Bàbá kọ lórí wíwọ́ yẹn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sára ògiri. Ìtìjú á pa á. Jọ̀ọ́, mo bẹ̀ ẹ́."

Wẹ́dà mí kanlẹ̀, ó sì ṣèlérí pé òun ò ní sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá wà nínú àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, Ìyá sì gbé tíì wá. Àlejò náà wù wọ́n. Bàbá bi í nípa iná, nípa irin, ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síwájú.

"Eegun itan ẹran mi ńkọ́? Ṣé ó jókòó dáadáa?"

Wẹ́dà wo Ọmọ Ọ̀gá. Ọmọ Ọ̀gá ń wo ilẹ̀. Wàhálà dé nìyẹn! Ṣé kéèyàn wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ bàbá, kó sì fi irọ́ ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́sọ? Wẹ́dà gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kò jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú. Ó jọ pé ti ọ̀tún ló wà lósì, ti òsì ló sì wà lọ́tùn-ún."

Bàbá na ìka sí i.

"Ìwọ tí ò ń jó irin fèrèsé! Ọdún mọ́kànlá ni mo fi yọ ẹran yẹn nínú òkúta. Ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní ọ̀tún mi àti òsì mi?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ lo mọ eegun. Ṣé òótọ́ lọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí ń sọ?"

Ọmọ Ọ̀gá rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, ó rí ìka tó ti fi ń ka ọjọ́.

"Bí ẹ ṣe kọ ọ́ náà ló wà, Bàbá," ni ó wí. "Kò mọ eegun ni."

Wẹ́dà dìde. Kò bínú síta. Ó dúpẹ́ tíì lọ́wọ́ Ìyá, ó kí Bàbá, ó sì jáde. Tíì inú ife rẹ̀ ṣì ń rú èéfín.

Láti ọjọ́ kejì, ó ń wá síbi iṣẹ́ lákòókò. Ó ṣe ọrùn, ó ṣe ẹ̀yìn, ó ṣe ìrù. Kò fọwọ́ kan ìbàdí. Bí ó bá fẹ́ bèèrè nǹkan, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ọmọ Ọ̀gá, ẹ bá mi wo ibí." Ẹ̀yin ti padà dé. Ọmọ Ọ̀gá kò lè jẹun. Kódà àlá ọ̀sán rẹ̀ ń bá a jà: ẹranko náà ṣì ń rìn nínú ìkùukùu, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ń rí, ó ń lọ, kò wẹ̀yìn.

Ìyá rẹ̀ ló bá a nínú ilé ìdáná, ó ń fọ ife kan tó ti mọ́ tipẹ́.

"Ọkùnrin yẹn, ṣé òótọ́ ló sọ?"

Omijé ló dáhùn.

"Mo mọ̀," ni Ìyá wí. "Ojú ẹ ti sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. O ò wo bàbá ẹ, o ò sì wo òun. Ṣé o rò pé ẹyin ni bàbá ẹ? Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlá bá òkúta jà! Ò ń dáàbò bò ó bí ẹni tó ti kú, ẹni tó sì wà láàyè tó fẹ́ràn ẹ, o lé e jáde lórí tíì mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ bá bàbá ẹ."

Lọ́jọ́ kejì, ó di eegun itan méjèèjì sínú aṣọ múlọ́múlọ́, pẹ̀lú ìbàdí tí wọ́n fi simẹ́ńtì funfun mọ ní àwòṣe, ó gbé wọn lọ sílé. Ó tò wọ́n sórí itan Bàbá. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

Bàbá wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú eegun tó kọ "ọ̀tún" sí, ó tì í bọ ihò ọ̀tún. Kò wọ̀. Ó tún un tì. Ó wá fi ìka wá kókó kékeré yẹn, ó rí i, ìka rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Ó pààrọ̀ eegun méjèèjì. Wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Yéè," ni Bàbá wí, ó rọra wí i. "Ó dúró."

"Ó dúró, Bàbá."

"Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ní kó dọ̀bálẹ̀." Ó yí eegun náà sí ibi ìmọ́lẹ̀, ó wo ìkọ̀wé ara rẹ̀. "Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ èyí. Mo to wọn sórí tábìlì, wọ́n sáré wá pè mí pé ìyá ẹ ti bí ọ. Inú mi dùn, mo kọ ọ́ gììrì, mo fò jáde. Mi ò padà wò ó mọ́, torí ó dá mi lójú." Ó gbójú sókè. "Ta ló kọ́kọ́ rí i?"

"Wẹ́dà ni. Èmi náà sì rí i, kó tó wá síbí. Mo parọ́ fún yín, Bàbá. Mo jẹ́ kí ẹ lé e."

Mi ò ní tàn yín, ọ̀rọ̀ yẹn ló dun Bàbá ju ti eegun lọ. Ó di ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó là á, ó ní, "Gbé bàtà mi wá."

Wẹ́dà wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ìbojú dúdú lójú rẹ̀, nígbà tó rí arúgbó kan tó fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé. Ó pa iná kíákíá.

"Ọmọ mi," Bàbá wí, "o sọ òótọ́, mo sì bú ẹ. Má bínú sí mi. Bá mi gbé ẹran yẹn dìde."

"Háà, Bàbá! Ẹ má bẹ̀ mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó!" Ó ń wá àga kiri, kò rí, ó sì dojú garawa dé fún un.

Ọmọ Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Bàbá ń wo irin, ó sún mọ́ ọn. "Mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé òótọ́ lo sọ, mo sì fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀."

"Mo gbọ́," Wẹ́dà wí. Ojú rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n kò na ọwọ́. "Ó dùn mí ni. Kì í ṣe pé Bàbá lé mi. Ó dùn mí pé o sọ pé n kò mọ nǹkan kan, lójú èèyàn. Bí wọ́n bá tún bi ẹ́ lọ́la ńkọ́? Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ yìí."

Ó ṣe é. Wọ́n já àwòrán ara ògiri sílẹ̀, Bàbá ló ní kí wọ́n já a. Wọ́n tẹ irin ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun. Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn, ẹranko náà dúró ní àárín rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sábẹ́ ara, ikùn rẹ̀ jìnnà sílẹ̀, orí gíga rẹ̀ kọjú sí fèrèsé. Àwọn èèyàn wọlé, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀ láìsí ẹni tó ní kí wọ́n rẹ̀ ẹ́.

Bàbá sọ̀rọ̀, kò gùn. Ó ní, "Ohun tí mo kọ sínú ìwé mẹ́rin kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran yìí kò wọ́ rí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi kò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà bá mi, inú mi sì dùn pé mo wà láàyè." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí.

Oníròyìn obìnrin kan na bírò sí ibi tí Wẹ́dà fẹ̀yìn ti ògiri, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. "Bàbá, ọkùnrin yẹn tí ẹ ń wò ṣáá, ta ni?"

Bàbá la ẹnu, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti bọ́ síwájú.

"Òun ló rí àṣìṣe náà," ni ó wí, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́ ọ. "Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, mo mọ̀ pé òótọ́ ni, mo sì sọ níwájú àwọn òbí mi pé kò mọ eegun. Irọ́ ni mo pa, ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ẹ sì kọ ọ́ pé ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni, bó bá ṣì ń fẹ́ mi."

Bírò oníròyìn dúró. Wẹ́dà kúrò lára ògiri. Àwọn èèyàn yà fún un, ó rìn kọjá lábẹ́ ìrù ẹranko náà, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Mo fẹ́ ẹ," ni ó wí. "Mo fẹ́ ẹ, jàre. Má sunkún níwájú èèyàn."

"Ìwọ náà ń sunkún."

Bàbá wú ikọ́. "Ẹ rọra o, ẹ̀yin méjèèjì. Èmi ni wọ́n wá wò lónìí." Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, Ìyá sì ń fi etí gèlè nu ojú. Bàbá wá na apá rẹ̀ méjèèjì síta, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì.

"Ẹ wá dì mí mú, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ mú mi relé."